Òfin ojú ọ̀nà ṣáájú ìdánwò láísẹ́ńsì: iléèwé ìwakọ̀, ìwé, fóònù, àbí ẹ̀gbọ́n tó ń wakọ̀?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń fi yẹ ẹni tó ń múra ìdánwò láísẹ́ńsì wò. Ẹ ń bọ̀ láti ìgboro Ìlọrin, ẹ dé ráńdàbáòtù Gárèèjì Ọ̀fà. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan ti wà nínú róbótó náà, ó ń yí bọ̀ láti ọwọ́ òsì yín. Bọ́ọ̀sì akérò kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kejì lápá ọ̀tún yín, òun náà fẹ́ wọlé. Ta ni ẹ máa dúró dè?

Àbúrò mi obìnrin, tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ka òfin ojú ọ̀nà lórí fóònù, dá mi lóhùn kíá: "Ẹni ọwọ́ ọ̀tún ni, ẹ̀gbọ́n mi." Kò ṣiyèméjì rárá. Ó tiẹ̀ ṣí áàpù náà hàn mí, ó ti gba 48 nínú 50 lórí rẹ̀. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ìlọrin, tó bá fi wakọ̀ wọ ráńdàbáòtù, oníkẹ̀kẹ́ yẹn ni yóò kọlù.

Ìdí rẹ̀ kò le. Apá ọ̀tún títì la ń wakọ̀ ní Nàìjíríà. Tí a bá wọ ráńdàbáòtù, ọwọ́ ọ̀tún la kọ́kọ́ máa yà sí, a ó wá yí i ká títí dé ibi tí a ti fẹ́ jáde. Nítorí náà, ọwọ́ òsì wa ni ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ ti máa ń yọ sí wa, òun ló sì ni ọ̀nà. Apá òsì làwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wakọ̀ ní tiwọn, ohun gbogbo sì yí padà. Àwa náà ń ṣe bíi tiwọn tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba kó gbogbo ọkọ̀ bọ́ sápá ọ̀tún kí ọ̀nà wa lè bá ti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká mu. Ìyẹn ni pé ìbéèrè kan náà, ní ìlú kan náà, ti ní ìdáhùn méjì rí.

Láti ọjọ́ tí àbúrò mi fún mi lésì yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ náà kò ṣọ̀lẹ. Ibi tó ti kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà. Mo ti rí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn èèyàn wa fi ń kọ́ òfin yìí ní tòsí: iléèwé ìwakọ̀ ni èmi lọ, aránṣọ kan ládùúgbò wa ní Gáà Àkàǹbí fi ìwé kọ́ ọ, àbúrò mi gbé e gba orí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì kọ́ tiẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Mo fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ náwó tàbí fẹ́ fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀ mọ ohun tí yóò rí gbà.

Ohun tí wọ́n máa bi yín

Ẹni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ńsì fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Yóò lọ sí iléèwé ìwakọ̀ tí àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, fọwọ́ sí, yóò gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, yóò máa wakọ̀ pẹ̀lú àmì L níwájú àti lẹ́yìn, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa jókòó níwájú àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò, fún ìdánwò. Bó bá yege ni yóò tó lọ ya fọ́tò kó sì tẹ̀ka lọ́dọ̀ FRSC. Láísẹ́ńsì ọlọ́dún mẹ́ta wà, ọlọ́dún márùn-ún sì wà.

Ẹ rí i pé iléèwé kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fò. Ohun tí ẹ máa yàn gan-an ni ibi tí òfin fúnra rẹ̀ yóò gbà wọ orí yín, nítorí pé ìwé ẹ̀rí iléèwé ọ̀tọ̀, ìmọ̀ ọ̀tọ̀.

Nígbà tí èmi ṣe tèmi, ọ̀gá tó dán mi wò na bébà kan sí mi tí àwòrán àmì kún inú rẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn. Ó tọ́ka sí ọ̀kan: "Kí nìyí?" Mo dáhùn. Ó ní: "Tó o bá rí i, kí lo máa ṣe?" Ìbéèrè kejì yẹn ló ká ọ̀pọ̀ àwa tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ́. A ti há orúkọ àmì sórí bí ìgbà tí ọmọ kéú ń há súrà, ṣùgbọ́n a kò tíì rò ó wò pé ẹsẹ̀ wa ní láti ṣe nǹkan kan tí ojú bá rí i. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún èèyàn pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá dáhùn "kí lo máa ṣe" kò tíì tó.

Iléèwé ìwakọ̀

Èrè iléèwé hàn gbangba. Ọkọ̀ wọn ní bíréèkì lápá olùkọ́, ẹnì kan wà tó ń tọ́ yín sọ́nà, ìwé ẹ̀rí tí ẹ nílò sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ di sítíárìn àti gíà nìkan.

Iléèwé tí mo kọ́kọ́ sanwó fún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ wa ní òfin. Pátákó àmì kan wà lára ògiri tí oòrùn ti pa láwọ̀, gbogbo ohun tó yẹ kó pupa ti di píǹkì. Olùkọ́ náà ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò gbà á ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó ní, "Ẹ ti gbọ́, àbí?" Láti ọjọ́ kejì, a bọ́ sí ìgboro. Nígbà tí mo bi í léèrè ẹni tó ni ọ̀nà ní ráńdàbáòtù, ó ní kí n ṣáà máa wò wọ́n lójú, pé ẹni tí kò bá fẹ́ dúró, màá mọ̀. Owó mi ni mo fi ra ìdáhùn yẹn, ó sì dùn mí gan-an.

Ìgbà tí mo pààrọ̀ iléèwé ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kejì mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ráńdàbáòtù sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀, ó fa ọ̀nà mẹ́rin tó wọ inú rẹ̀. Ó da ìdérí ìgò míńírà sílẹ̀, ó ní ọkọ̀ nìwọ̀nyí, kí n máa tì wọ́n. Mo ti ìdérí kan wọlé láìwo òsì, ó mú òmíràn, ó fi gbá tèmi dànù. Kò sọ̀rọ̀. Mo tún un ṣe. Láàárín wákàtí kan, a ti fi ìdérí ìgò méje ṣe oríta, ibi tí ọkọ̀ bàjẹ́ sí, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń gba orí ilà funfun kọjá, àti ọkọ̀ aláìsàn tó ń fọn fèrè bọ̀ lẹ́yìn. Títí di òní, tí mo bá fẹ́ wọ ráńdàbáòtù, mo ṣì ń gbọ́ ìró ìdérí yẹn lórí sìmẹ́ńtì.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ má jẹ́ kí tuntun ọkọ̀ wọn gbà yín lójú. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ hàn yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ mélòó tí wọ́n fi ń kọ́ òfin nìkan, ẹ ní kí ẹ rí ìwé tí FRSC fi fọwọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi olùkọ́ tó máa kọ́ yín gan-an ní ìbéèrè ráńdàbáòtù. Bó bá ṣe dáhùn ni ẹ máa mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ìwé

Ìwé tí mò ń sọ ni Highway Code ti Nàìjíríà, èyí tí FRSC gbé jáde. Ọdún 1988 ni ìjọba dá àjọ náà sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ lónìí, ìwé yìí nìkan ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí olùkọ́ àti ẹ̀gbọ́n bá ń bá ara wọn jiyàn, òun la máa ṣí.

Èdè ni ìṣòro rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Aránṣọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò ka ìwé kọjá pírámárì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì kékeré tí yóò máa fi kó aṣọ lọ Ọjà Ọba. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2 máa ka ìwé náà sókè lálaalẹ́, òun wá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ lédè Yorùbá. Mo rí ojú ewé náà. Ohun tó kọ níyìí, bó ṣe kọ ọ́:

Onígun mẹ́ta: ṣọ́ra.
Róbótó pupa: má ṣe.
Róbótó búlúù: dandan ni.
Onígun mẹ́rin: wọ́n kàn ń sọ fún ẹ ni.

Mi ò tíì rí olùkọ́ tó ṣàlàyé ẹbí àmì ní ṣókí báyìí. Onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa ń kìlọ̀ ohun tó wà níwájú: kọ́nà, àfonífojì, ọmọ iléèwé, ojú irin rélùwéè. Róbótó tí etí rẹ̀ pupa ń sọ èèwọ̀: má wọlé, má yà sósì, má kọjá iye eré yìí. Onígun mẹ́rin ń júwe ọ̀nà, ó ń sọ ibi tí ilé ìwòsàn tàbí ilé epo wà. Méjì ló yà kúrò nínú ẹbí, ó sì nídìí. Àmì "Dúró" ní igun mẹ́jọ, àmì "Fi ọ̀nà sílẹ̀" jẹ́ onígun mẹ́ta tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Kò sí àmì mìíràn tó ní ìrísí wọn, kí ẹ lè dá wọn mọ̀ kódà tí ẹrẹ̀ bá bò wọ́n, tàbí tí wọ́n bá lẹ fọ́tò olóṣèlú mọ́ ọn lójú. Ẹ̀yìn àmì nìkan lẹ rí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀hún ṣe.

Ìwé náà ló tún dára jù fún nọ́ńbà, pàápàá iye eré. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 50 ní wákàtí lọ nínú ìlú, 80 lójú ọ̀nà gbogboogbò, 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Takisí àti bọ́ọ̀sì: 50, 80, 90. Tírélà àti ọkọ̀ epo: 45, 50, 60. Ẹni tó bá há a sórí lásán yóò dà á pọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, torí náà ẹ gbé e sórí ọ̀nà tí ẹ mọ̀. Títì Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n pín láàárín, ọ̀nà márosẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà tó ti Àjàsẹ́ Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ń fojú kojú lórí títì kan, 80 ni tiẹ̀. Tí ẹ bá wọ ìlú bíi Ìdọ́fìàn, tí ilé bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 50 ni, bí títì náà tiẹ̀ ń dán bíi dígí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín, nítorí ibi tí mo ti gba òfin yìí gbọ́ tọkàntọkàn nìyí. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín kí ojú rí ewúrẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá bíi kan ti lọ. Ọkọ̀ ti rìn ju gígùn tírélà kan lọ, bíréèkì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 50, mítà 14 ni. Mítà mẹ́jọ tó wà láàárín méjèèjì, ọmọ tó ń gbé omi kọjá ní Ìdọ́fìàn lè wà níbẹ̀.

Fóònù

Fóònù dára fún ẹni tí kò ráyè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kọ́rópe láti Tańkè dé Post Office, èèyàn ti dáhùn ogún ìbéèrè. Àwòrán rẹ̀ dán, ó ń sọ ibi tí ẹ ti kùnà lójú ẹsẹ̀, kò sì ní bínú bí ẹ bá bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Àmọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Ìdánwò tiwọn lọ́hùn-ún jẹ́ ìbéèrè 50, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 43 kó tó yege, lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò 14 tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe ń tètè rí ewu. Áàpù tí àbúrò mi ń lò kò purọ́ fún un. Ìdánwò ẹlòmíràn ló ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún. Kí ẹ tó lo èyíkéyìí, ẹ wo àwòrán inú rẹ̀. Bí sítíárìn bá wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, tàbí tí wọ́n ń fi máìlì ka eré, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ dúró de ẹni ọwọ́ ọ̀tún ní ráńdàbáòtù, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà. Ẹ má ní ẹ ó máa ṣà á jẹ. Orí tó ti gba "ọ̀tún" wọlé nígbà ọgọ́rùn-ún kò ní rántí "òsì" nígbà tí àyà bá ń já níwájú ọ̀gá VIO.

Àwọn ìbéèrè àti ìdáhùn tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́, èmi ò fọwọ́ sí i. YouTube sàn jù ú lọ tó bá jẹ́ olùkọ́ tó ń wakọ̀ ní Nàìjíríà, torí pé ẹ máa rí títì bó ṣe rí. Síbẹ̀, ẹ fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó dára jù tí mo rí tí èèyàn fi fóònù ṣe, àbúrò mi náà ló ṣe é nígbà tó yá. Tí a bá jọ jáde, tí èmi wà nídìí sítíárìn, á máa ya gbogbo àmì àti gbogbo ilà ojú títì tí a bá kọjá. Ilà funfun tó já sí wẹ́wẹ́: ẹ lè yà kọjá ẹni iwájú bí iwájú bá mọ́. Ilà tó lọ gbọọrọ láìjá: ẹ ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ó ya ilà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan gbọọrọ, ọ̀kan jíjá, ó sì bi mí pé èwo ni ká tẹ̀ lé. Èyí tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà ni. Tó bá dálẹ́, á máa ṣí fọ́tò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á bo ohun tó yí wọn ká, á bi ara rẹ̀: kí nìyí, kí ni mo máa ṣe? Kò sí áàpù kankan tó ní fọ́tò Ìlọrin nínú tó èyí.

Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá awakọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò jókòó níwájú pátákó rí. Mọ́tò bọ́ọ̀yì ló jẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu láti agbègbè Òmù-Àrán lọ sí Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ọ̀gá rẹ̀ fún un ní sítíárìn. Ohun tí ẹni yìí mọ̀ kò sí nínú ìwé. Ó lè wo ẹ̀yìn tírélà lókèèrè kó sọ pé ẹrù rẹ̀ ti fì. Ó sọ fún mi pé tí ọmọ ewúrẹ́ bá sá kọjá, kí n má tíì tẹ epo, ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yí wọ títì, ọmọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ojú irin rélùwéè tó wà ní Ọ̀fà, ó kọ́ mi láti dúró, kí n pa rédíò, kí n yí fèrèsé wálẹ̀, kí n fi etí gbọ́ kí n tó fi ojú wò. Ìwé náà ní kí a dúró kí a wò kí a sì tẹ́tí. Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó pa fèrèsé dé kò lè tẹ́tí.

Ewu ibẹ̀ ni pé àṣà àti òfin ti di ọ̀kan náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà kọ́ mi pé bí mo bá fẹ́ lọ tààrà ní oríta, kí n tan iná ìkìlọ̀ méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́bù póíńtà. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mo ń ṣe é títí tí olùkọ́ oní-ìdérí-ìgò fi ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta. Ó tan iná méjèèjì. Láti ibi tí mo dúró sí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi. Ó bi mí pé, "Ibo ni mò ń lọ?" Mo ní ó ń yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní tààrà lòun ń lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò rò pé ẹ ń yà, yóò wọlé, ẹ ó sì pàdé láàárín oríta. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ tàbí tó dúró níbi tó lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni iná yẹn wà fún. Àwọn tó ń tan án nínú òjò náà, wọn ò mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ yà, kò sí ẹni tó máa mọ̀, torí méjèèjì ló ń ṣẹ́jú.

Nípa ráńdàbáòtù, èsì ẹ̀gbọ́n mi ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ọ̀nà. Ó ti fi wakọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ìjàǹbá. Sùúrù tiẹ̀ ló ń yọ ọ́, èsì náà kò tọ̀nà.

Tí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ | Ohun tó fún yín | Ohun tó kù síbẹ̀ | Èsì rẹ̀ nípa ráńdàbáòtù |
|---|---|---|---|
| Iléèwé ìwakọ̀ | Ìwé ẹ̀rí, olùkọ́, ọkọ̀ tó ní bíréèkì méjì | Òfin máa ń ṣe ráńpẹ́ níbi tí olùkọ́ kò bá kà á sí | Ó dọwọ́ olùkọ́ tí ẹ bá pàdé |
| Highway Code ti Nàìjíríà | Òfin bó ṣe wà gan-an, iye eré, ìrísí àmì | Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Kò ní bi yín ní ìbéèrè | Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, láti ọwọ́ òsì |
| Áàpù àti fídíò | Àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, àwòrán | Ti ilẹ̀ mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀ | Ọwọ́ ọ̀tún, tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì |
| Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá awakọ̀ | Ojú tó ń rí ewu ṣáájú | Àṣà tó wọ aṣọ òfin | Ẹni tó kọ́kọ́ dé |

Èwo ni tiyín?

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀, ìwé ni màá mú láìwo ẹ̀yìn. Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ̀ka ni wọ́n.

Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò rọrùn fún, ẹ ṣe bíi ti aránṣọ wa. Ẹ wá ọmọ ilé kan tó ń kàwé, ẹ jẹ́ kó kà á sókè, ẹ fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́ di Yorùbá kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má gba èyí tí ẹlòmíràn ti túmọ̀ tán. Ìgbà tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu ni ẹ máa mọ̀ bóyá ó yé yín. Ẹ tún bi iléèwé yín bóyá olùkọ́ tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé wà. Ní Ìlọrin, ó yẹ kó wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ní fóònù lọ́wọ́ tí kò sì lówó púpọ̀, ìwé àti fọ́tò tó fúnra rẹ̀ yà ti tó fún òfin. Kó wá fi owó tó ní wá iléèwé tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn dára, kó má wá èyí tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ín.

Ẹni tó ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìní ìwé, òun ni àyà mi ń já fún jù lọ. Ó mọ ọkọ̀ wà, ó sì rò pé ìyẹn ni òfin. Owó ìtanràn FRSC fún wíwakọ̀ láìní láísẹ́ńsì jẹ́ ₦10,000 lórí àtẹ òfin 2012, ìyẹn sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ fà lójú ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀gbọ́n tó ń wakọ̀, torí àṣà kan náà ni wọ́n jọ ní. Iléèwé tí olùkọ́ rẹ̀ le, tí yóò máa bi í ní "kí ló dé" lórí gbogbo ohun tó bá ṣe, ló yẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé òun lè bá a gba láísẹ́ńsì láìjókòó fún ìdánwò, kó sá fún onítọ̀hún. Mo mọ obìnrin kan tó gba ìwé bẹ́ẹ̀, tó wá fi ilà gbọọrọ kan lórí òkè nítòsí Àjàsẹ́ ṣe ibi tí yóò ti yà kọjá tírélà. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò padà bọ̀ sípò.

Ẹni tó ń gbèrò òkè òkun ló kù. Àbúrò mi wà nínú wọn, ọkọ rẹ̀ wà ní Manchester, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi gba áàpù wọn sórí fóònù. Ó rò pé òun á fi òkò kan pa ẹyẹ méjì. Ẹni tó bá gba láísẹ́ńsì Nàìjíríà lè fi wakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù méjìlá láti ìgbà tó bá di olùgbé ibẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn yóò ṣe ìdánwò tiwọn. Ìdánwò méjèèjì ni yóò bá pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ wà nínú orí kan náà lọ́sẹ̀ kan náà. Mo ní kó parí ti Nàìjíríà ná. A fi ìdérí ìgò ṣe é lórí tábìlì ìdáná fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin bá a jókòó nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá, wọ́n yí Gárèèjì Ọ̀fà ká títí tí oòrùn fi mú. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun náà ti ń dúró de ọwọ́ òsì báyìí. Áàpù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí fóònù àbúrò mi, ṣùgbọ́n ó ti gbé e kúrò lójú ibi tó ti máa ń rí i, ó di ọjọ́ tí físà bá dé.